Ceph EC 8+3 lórí 25G: ping dára, iperf3 dára, kí ló dé tí read ń já lulẹ̀ bí oníbàárà bá pọ̀?

ÀjàníRack

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Bí nǹkan ṣe wà rèé lórí Ceph wa, ètò tó ń pín dátà pamọ́ káàkiri ọ̀pọ̀ sáfà. Sáfà 12, NVMe 4 tó jẹ́ 7.68 TB nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, port 25G méjì lórí sáfà kọ̀ọ̀kan tí LACP so pọ̀. Leaf méjì (switch tí sáfà so mọ́) tó ń ṣe MLAG, ìyẹn pé wọ́n ń ṣe bí ẹyọ kan, kò tíì sí spine, switch òkè tó ń so leaf pọ̀. Pool náà jẹ́ erasure code (EC), k=8, m=3: a ń gé dátà sí ẹyọ 8, a sì ń fi ẹyọ ìdábòòbò 3 kún un. Failure domain rẹ̀ jẹ́ host, ìyẹn pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà lórí sáfà tirẹ̀. MTU (ìwọ̀n packet tó tóbi jù) jẹ́ 1500. A kò fọwọ́ kan sysctl kankan àyàfi tcp_slow_start_after_idle tí a sọ di 0, torí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Ping láti sáfà sí sáfà kì í ju 0.1 ms lọ. iperf3, irinṣẹ́ ìdánwò ìyára, ń kọjá 23 Gbps láàárín sáfà méjì. Bí oníbàárà kan bá ń ka dátà, ó ń sáré dáadáa. Àmọ́ bí oníbàárà 10 bá jọ ń kà, àpapọ̀ ohun tí gbogbo wọn ń rí gbà kì í tó ohun tí mẹ́ta péré ń rí gbà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀pọ̀ read ń parí láàárín 3 sí 5 ms, ìyókù á wá fò lọ sí 205 ms, nígbà mìíràn 410, nígbà mìíràn 610. Kò sí nǹkan kan láàárín 20 àti 200. CPU kò kún, díìsìkì kò kún, graph port kò kọjá 40%. Ṣé switch 100G ló kù ká rà?

ÌyáSwitch

Má tíì náwó, àbúrò. 200 tí o rí yẹn ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Bí packet bá sọnù tí TCP kò rí àmì kankan tó máa sọ fún un, yóò dúró kó tó tún un fi ránṣẹ́. Lórí Linux, ìdúró yẹn kì í kéré sí 200 ms. RTO min ni wọ́n ń pè é. Íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé, tó ń gba abẹ́ òkun lọ sí ìlú mìíràn, ni 200 ms bá mu. Nínú yàrá dátà tí packet ń lọ tó ń bọ̀ láàárín 0.1 ms, ìlọ́po 2,000 ni. 205 rẹ jẹ́ ìdúró kan. 410 jẹ́ ìdúró méjì lọ́nà méjì, ọ̀kan láàárín àwọn OSD (ètò Ceph tó ń bójú tó díìsìkì kọ̀ọ̀kan), ọ̀kan láàárín primary (OSD tó ń dá oníbàárà lóhùn) àti oníbàárà. 610 ni èyí tí packet tún sọnù nígbà tí wọ́n tún un fi ránṣẹ́, torí TCP ń sọ ìdúró kejì di ìlọ́po méjì: 200, lẹ́yìn náà 400.

Incast ni orúkọ àìsàn yìí: ọ̀pọ̀ sáfà ń ránṣẹ́ sí ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan náà, packet á sì sọnù. Àwọn tó ṣe ibi ìpamọ́ dátà Panasas ti ń sọ ọ́ láti 2004. Àwọn olùwádìí Carnegie Mellon wọ̀n ọ́n ní 2008, wọ́n sì padà wá ní 2009 láti fi hàn pé bí RTO bá lè sọ̀kalẹ̀ dé máíkírósẹ́kọ́ńdì, ohun tó já lulẹ̀ á tún dìde. Nítorí náà kì í ṣe Ceph ló bí i. Ibi tí Ceph ti ń pè é wá nìyí:

Object RADOS (ẹyọ dátà tí Ceph ń pamọ́) sábà jẹ́ 4 MiB. Pẹ̀lú k=8, a gé e sí 512 KiB lọ́nà 8. Oníbàárà kì í bá OSD 8 sọ̀rọ̀, primary nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Primary ní ẹyọ kan lọ́wọ́, á ní kí àwọn 7 yòókù gbé tiwọn wá. Gbogbo wọn gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. 3.5 MiB ló ń forí lé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn. Bí read 20 bá ṣe kòńgẹ́ lórí sáfà kan, 70 MiB ló ń bọ̀. Buffer switch, ìyẹn ibi tí packet ń tò sí kó tó jáde, kò tó bẹ́ẹ̀, gbogbo port ló sì jọ ń pín in. Switch kan tí wọ́n lò nínú ìwádìí DCTCP (ẹ̀yà TCP fún yàrá dátà) ní 2010 ní port 1G 48 àti 10G mẹ́rin, 4 MB péré sì ni buffer gbogbo wọn. Tìrẹ á ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n port náà ti yára ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Bí ó bá jẹ́ pé àárín ni packet ti sọnù, àwọn tó tẹ̀ lé e á dé, olùgbà á kígbe pé ẹyọ kan kò sí, olùránṣẹ́ á tún un fi ránṣẹ́ kíá. Ìrù ló ń dáni lóró. Bí packet tó kẹ́yìn bá já sílẹ̀, kò sí ohun tó tẹ̀ lé e tó máa mú kí ẹnikẹ́ni kígbe. Olùránṣẹ́ á jókòó, olùgbà á jókòó, primary kò sì lè ṣí object náà torí ẹyọ 7 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti graph rẹ: 3.5 MiB ń gba port 25G kọjá láàárín nǹkan bí 1.2 ms. Graph tó ń ka port lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 30 kò lè rí i láéláé. Ìṣirò rẹ̀ sì rọrùn. Iṣẹ́ 1.2 ms tó wá gba 201.2 ms ti sọ port 25G di nǹkan bí 150 Mbps. Bí o bá ra 100G, 1.2 á di 0.3, 200 á sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Kó o tó yí ohunkóhun padà, wá ẹ̀rí. Lórí sáfà:

`nstat -az TcpRetransSegs TcpExtTCPTimeouts TcpExtTCPLossProbes`

Kà á kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tún kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tí oníbàárà 10 ti ń ṣiṣẹ́. Bí TCPTimeouts bá ń gòkè ní iye tó sún mọ́ iye read tó pẹ́, ó ti parí. `ss -tin dst 10.10.0.0/24` á fi rto, cwnd (iye packet tó lè wà lójú ọ̀nà kí ìdáhùn tó dé) àti retrans (àtúnfiránṣẹ́) ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn. Rto tó wà ní 200 àti díẹ̀ lo máa rí. Lórí switch, wo egress drop (packet tí switch jù nù níbi tó ti ń jáde) ti port tó ń lọ sọ́dọ̀ sáfà tó ń gbà, kì í ṣe ti èyí tó ń fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo òdìkejì, wọ́n á ní kò sí drop.

Bí switch kò bá ju packet nù ṣùgbọ́n `ethtool -S` fi rx_discards tàbí rx_out_of_buffer tó ń gòkè hàn, káàdì nẹ́tíwọ̀kì ló ń ju nǹkan nù, kì í ṣe switch. `ethtool -g` á sọ bí ring (ibi tí packet ń tò sí nínú káàdì) ṣe tóbi tó, `ethtool -G` á sì fẹ̀ ẹ́.

Báyọ̀_Spine

Ìyá wa ti sọ gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi oògùn kún un, kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí tcp_slow_start_after_idle yẹn. Ẹ dá a padà sí 1. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ojú òpó tó ń gbé fáìlì ńlá lọ sọ́nà jíjìn. Láàárín OSD, ó ń jẹ́ kí ìsopọ̀ tó ti sinmi rántí cwnd ńlá tó ní tẹ́lẹ̀, kí àwọn 7 lè da 512 KiB wọn sílẹ̀ pọ̀ lójú kan náà. Bí ó bá jẹ́ 1, ìsopọ̀ tó ti sinmi á fi packet 10 bẹ̀rẹ̀: 7 × 10 × 1.5 KB, nǹkan bí 105 KB ni gbogbo rẹ̀, buffer á sì gbà á. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ gan-an ìsopọ̀ kì í sinmi, nítorí náà èyí nìkan kò tó.

Èkejì ni RTO. Kò sí ìdí láti fọwọ́ kan kernel, orí route ni a ń gbé e sí:

`ip route change 10.10.0.0/24 dev bond0 proto kernel scope link src 10.10.0.11 rto_min 40ms`

Kí ló dé tó jẹ́ 40, tí kì í ṣe 1? Delayed ACK. ACK ni ìròyìn pé packet ti dé, Linux sì lè dì í mú fún 40 ms kó tó fi ránṣẹ́. Bí RTO bá kéré sí ìyẹn, olùránṣẹ́ á máa rò pé packet tó ti dé ti sọnù, á tún un fi ránṣẹ́, á sì dín cwnd kù lórí asán. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí 5 tàbí 10 ms gbọ́dọ̀ fi `quickack 1` sórí route yẹn ní gbogbo sáfà, kí ACK má baà dúró. 40 nìkan ti gé ìdúró náà sí ìdá márùn-ún.

Ẹ̀kẹta ni ojúlówó: DCTCP. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n switch tó mọ ECN (àmì ìkìlọ̀ pé ọ̀nà ń kún) ń sọ ọ́. Bí ìtò packet bá kọjá ìwọ̀n K, switch á fi àmì sára packet dípò kó dúró títí buffer á fi kún kó tó jù ú nù. Olùgbà á dá àmì náà padà, olùránṣẹ́ á sì dín cwnd kù ní ìwọ̀n iye packet tó ní àmì. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀, á dín díẹ̀. TCP àtijọ́ ń gé ìdajì bó ti wù kó rí. Nínú ìwádìí 2010, K jẹ́ packet 20 fún 1G àti 65 fún 10G. Bí a bá fi 10G ṣe òdiwọ̀n, 25G á jẹ́ nǹkan bí packet 160, ìyẹn 240 KB. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: min àti max WRED (ìlànà switch tó ń pinnu ìgbà tí á fi àmì sí packet) kí wọ́n jọ jẹ́ 240 KB, probability 100%. Bí egress drop bá ṣì wà, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí oníbàárà kan ṣoṣo kò bá lè kún port mọ́, ẹ gbé e sókè.

DCTCP ti wà nínú Linux láti 3.18, RFC 8257 sì ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láti 2017. `modprobe tcp_dctcp`, lẹ́yìn náà ẹ fi `congctl dctcp` kún route òkè yẹn. Ó dára ju sysctl lọ torí nẹ́tíwọ̀kì ibi ìpamọ́ nìkan ló máa kàn. Apt àti ssh tó ń lọ síta á máa lo cubic wọn, ẹ̀yà TCP tí Linux ń lò bí a kò bá yí i padà.

Ibi méjì ló ti ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́, bí apá kejì kò bá gba ECN, ìsopọ̀ náà á di dctcp-reno láìsọ̀rọ̀. Orúkọ yẹn gan-an lẹ máa rí nínú `ss -tin`, ẹ wá a. Èkejì, DCTCP àti TCP lásán kò gbọdọ̀ jọ wà nínú queue kan. WRED tó ń fi àmì sára packet ECN ń ju packet tí kò ní ECN nù ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà oníbàárà tí a kò tíì yí padà á máa jìyà, wọ́n á sì ní Ceph ti bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi DSCP (àmì ẹ̀ka orí packet) pín wọn sí queue ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kí ẹ yí gbogbo wọn padà lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Kẹ́míOSD

Báyọ̀, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fa ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Ceph díẹ̀, torí ẹnì kan máa tó wá sọ pé kí wọ́n tan fast_read.

`ceph osd pool set orúkọ_pool fast_read 1` ń mú kí primary béèrè lọ́wọ́ gbogbo 11, kó sì ṣí object náà nígbà tí 8 àkọ́kọ́ bá ti pé. Ẹyọ kan tó pẹ́ kò dá a dúró mọ́. Ó dùn ún gbọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí díìsìkì kan ń lọ́ra. Níbi tí incast ti jẹ́ olè, ó ń fi olè kún olè: dípò 7 tó ń dáhùn, 10 ló ń dáhùn, 5 MiB dípò 3.5. Ẹ tún ẹ̀yìn nẹ́tíwọ̀kì ṣe kí ẹ tó dán an wò.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í wò ni k fúnra rẹ̀. 8+3 ń gba àyè 1.375, 4+2 ń gba 1.5. Ìyàtọ̀ yẹn kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà ti di 3 dípò 7. Pool tó wà fún VM tàbí fún àwọn object tí wọ́n ń kà lemọ́lemọ́, èmi á fi 4+2 sí i, kí 8+3 wà fún ibi ìpamọ́ tí wọn kì í sábà ṣí. Ẹ rántí pé a kì í yí k padà lórí pool tó wà. Ẹ máa ṣe pool tuntun, ẹ máa kó dátà lọ síbẹ̀.

Àtúnṣe lẹ́yìn ikú díìsìkì tún wà níbẹ̀. NVMe tó ní 6 TB nínú tó kú: láti tún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe, 8 la gbọ́dọ̀ kà, 7 nínú wọn ń gba nẹ́tíwọ̀kì kọjá, èyí tuntun tún ń gba nẹ́tíwọ̀kì lọ sí ilé rẹ̀. Ìyẹn 48 TB lórí wáyà nítorí 6 TB. Bí sáfà 11 bá pín in, nǹkan bí 4.4 TB ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Incast ni gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú, pátápátá. Ìdí nìyẹn tí Microsoft fi ṣe LRC (erasure code tó ń tún ẹyọ ṣe láti inú agbègbè rẹ̀) fún Azure, tí wọ́n gbé jáde ní 2012: ẹyọ dátà 12, parity (ẹyọ ìdábòòbò) agbègbè 2, parity gbogboogbò 2. Àyè tó ń gbà jẹ́ 1.33, ẹyọ kan tó sọnù sì ń béèrè 6 dípò 12. Ceph ní plugin lrc, àmọ́ sáfà 12 kò tó láti jẹ̀gbádùn rẹ̀. Ẹyọ agbègbè náà gbọ́dọ̀ ní ilé tirẹ̀.

Lossless_Ọmọ

Ẹ ń ṣe wàhálà jù. Ẹ tan PFC (ìlànà tí switch fi ń ní kí olùránṣẹ́ dákẹ́ kí buffer tó kún) lórí leaf méjèèjì, packet kan kò ní sọnù mọ́. Bí kò bá sí packet tó sọnù, kò sí RTO. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

ÌyáSwitch

Ìṣẹ́jú márùn-ún láti tan án, ọ̀sẹ̀ méjì láti wá ìdí tí gbogbo rack fi dákẹ́. PFC kì í dá ìsopọ̀ kan dúró, gbogbo ohun tó wà nínú kíláàsì (priority) kan lórí port ló ń dá dúró. Bí port tó ń lọ sọ́dọ̀ sáfà 3 bá kún, switch á sọ fún sáfà 7 pé kó dákẹ́, sáfà 7 á sì dákẹ́ fún gbogbo ènìyàn nínú kíláàsì yẹn, títí kan sáfà 9 tí ọ̀nà rẹ̀ ṣófo. Bí spine bá wà lọ́la, ìdádúró náà á máa gun òkè láti switch dé switch. Microsoft kọ ọ́ síta ní 2016 nínú ìwádìí RDMA (kíka memory sáfà mìíràn tààrà) wọn: káàdì nẹ́tíwọ̀kì kan tó bàjẹ́, tó ń kígbe pause láìdákẹ́, lè di ọ̀pọ̀ sáfà lọ́wọ́, wọ́n sì tún bá deadlock pàdé, níbi tí gbogbo wọn ti ń dúró de ara wọn. Àwọn tó ń lo RoCEv2 (RDMA lórí Ethernet) ń gbà á torí wọ́n nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń fi DCQCN (ìlànà tó ń dín ìyára olùránṣẹ́ kù) lé e lórí kó má baà di pé PFC ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ceph tìrẹ, TCP ló ń lò. TCP mọ bí a ṣe ń tún packet fi ránṣẹ́, ìlọ́ra rẹ̀ là ń tọ́jú.

ÀjàníRack

Ẹ ṣeun gan-an ni. TCPTimeouts ń gòkè lóòótọ́, egress drop náà wà lórí port olùgbà. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ṣé MTU 9000 á ràn wá lọ́wọ́? Mo rí TLP (TCPLossProbes) nínú nstat, ṣé kò yẹ kó ti tọ́jú ìrù yẹn? Àti pé báwo ni a ṣe lè dán incast wò láì fi ọwọ́ kan pool tí àwọn ènìyàn ń lò?

Báyọ̀_Spine

MTU 9000 ń dín iṣẹ́ CPU kù, kì í wo incast sàn. Packet 10 àkọ́kọ́ á di 90 KB dípò 15, ìlọ́po 7 rẹ̀ á di 630 KB, nítorí náà ìkọlù àkọ́kọ́ tiẹ̀ tún tóbi sí i. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, `ping -M do -s 8972` láti sáfà kọ̀ọ̀kan sí gbogbo àwọn yòókù, torí 8972 pẹ̀lú 28 ti header ni 9000. Port kan tí ẹ gbàgbé ní 1500 ti tó: ping kékeré á kọjá, TCP á ṣí, dátà ńlá á dúró gbọnin láì tún lọ mọ́. Ìyàtọ̀ sí incast ni pé oníbàárà kan ṣoṣo náà á rí i.

TLP ń ràn yín lọ́wọ́ ní ti gidi, òun ni kò jẹ́ kí ó burú ju báyìí lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí RTT (àlọ àtàbọ̀ packet) méjì tí kò sí ACK, ó ń tún packet tó kẹ́yìn fi ránṣẹ́ kí olùgbà lè rí ohun tó máa kígbe lé lórí. Ṣùgbọ́n bí buffer bá ṣì kún nígbà yẹn, òun náà á já sílẹ̀, RTO ló kù. Bí packet kan ṣoṣo bá sì ló wà lójú ọ̀nà, TLP ń fi rto_min kún ìdúró rẹ̀ torí delayed ACK, nítorí náà 40 ms orí route ń ṣe é láǹfààní pẹ̀lú.

Ní ti ìdánwò: iperf3 láàárín sáfà méjì kò lè fi incast hàn, torí ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ ṣí iperf3 7 lórí sáfà olùgbà, port 5201 dé 5207, `iperf3 -s -p 5201` àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Láti sáfà 7 mìíràn, ẹ jẹ́ kí cron tàbí pssh bẹ̀rẹ̀ `iperf3 -c 10.10.0.11 -p 52xx -n 512K` lójú kan náà, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ máa ka TCPTimeouts lórí àwọn tó ń fi ránṣẹ́. Ìsopọ̀ tuntun ni ti iperf3, packet 10 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó rọ̀ ju ti OSD lọ. Ẹ fi `-P 4` kún un kó le díẹ̀. Lẹ́yìn náà, lórí pool ìdánwò kékeré tó ní 8+3 kan náà: `rados bench -p idanwo 60 write -b 4M -t 16 --no-cleanup`, kí ẹ wá ṣe `rados bench -p idanwo 60 seq` pẹ̀lú `-t` 1, 4, 16, 64. Kì í ṣe average latency ni ẹ ó wò, max ni. Bí ó ti ń fò kọjá 0.2 láàárín 4 àti 16 ni ẹ ti rí ẹnu ààlà buffer yín.

Kẹ́míOSD

Ohun kan tó ń tan ènìyàn jẹ: ìsopọ̀ tó ti ṣí kì í yí congestion control padà. Ẹ máa yí route, ẹ máa wo `ss`, cubic ni ẹ ó ṣì rí, ẹ ó ní kò ṣiṣẹ́. OSD gbọ́dọ̀ tún ìsopọ̀ rẹ̀ ṣí. `ceph osd set noout` (kí Ceph má baà bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe dátà), tún OSD sáfà kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `systemctl restart ceph-osd.target`, tàbí ceph-fsid.target (fsid ni ID Ceph yín) bí cephadm bá ló gbé e kalẹ̀. Ẹ dúró títí gbogbo PG (ẹgbẹ́ object) á fi padà sí active+clean kí ẹ tó kan sáfà kejì. Ẹ má ṣe méjì pọ̀. min_size (iye ẹyọ tó gbọ́dọ̀ wà kí iṣẹ́ tó lè lọ) 8+3 jẹ́ 9, nítorí náà sáfà méjì tó wà nílẹ̀ kò tíì dá iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta tó bá kú láìròtẹ́lẹ̀ lójú iṣẹ́ á dá a dúró. Lẹ́yìn sáfà 12, `ceph osd unset noout`.

Kí ẹ sì kọ route náà sínú fáìlì systemd-networkd, nítorí `ip route change` á pòórá bí sáfà bá tún tan.